Wáyà Gba Ọwọ́ Òsì

Saskatoon, oṣù kìíní, òtútù mẹ́tàdínlógójì sísàlẹ̀ òdo.
Mo gbé aṣọ òjé wọ̀,
ó wúwo bí ọmọ tó sùn lọ lẹ́yìn ẹni.
Orest Hawryluk, àgbẹ̀ àlìkámà láti Wakaw,
ẹni ọdún mọ́kàndínlọ́gọ́rin,
dùbúlẹ̀ sábẹ́ ẹ̀rọ mi, ojú rẹ̀ là kedere;
èjìká òsì nìkan ni abẹ́rẹ́ mú kú.
Ọkàn rẹ̀ ti ń gbàgbé iṣẹ́:
á lù lẹ́ẹ̀kan, á sinmi,
á ronú kó tó tún lù.
Ó ti ṣubú lẹ́ẹ̀mejì nínú abà.
Lẹ́ẹ̀kẹta, lórí yìnyín,
ajá rẹ̀ ló gbó títí aládùúgbò fi dé.

Dókítà Prudhomme ti wáyà písímékà bọ inú iṣan,
kò nípọn ju ẹyọ ìgbálẹ̀ kan lọ.
Gbogbo wa mọ ibi tó yẹ kó yà:
á dá àyà kọjá sí ọ̀tún, á sọ̀kalẹ̀ wọ ọkàn.
Igba ara, ẹgbẹ̀rún ara, ibẹ̀ náà ni wọ́n ń gbà.
Wáyà yìí kò yà.
Ó sọ̀kalẹ̀ tààrà ní òsì, ó ń bá tirẹ̀ lọ.

Kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀.
Maricel tó ń ka ìfúnpá gbé ojú sókè.
Mo rò pé èmi ni mo yí àwòrán sódì,
torí lójú ẹ̀rọ, òsì aláìsàn ni ọ̀tún mi,
ọdún mẹ́rìnlá sì ni mo ti ń ṣe ìṣirò yẹn lórí.
Mo wò ó lẹ́ẹ̀kejì. N kò ṣì í.

"Ẹ fi oògùn sí i, ká rí i," ni dókítà wí.
Dúdú tàn bí odò nígbà tí yìnyín bá yọ́,
iṣan kan yọ, ó fẹ̀, ó tutù nínú ara rẹ̀:
iṣan tí gbogbo wa ní nínú ìyá wa,
tó máa ń dí kí a tó dáyé.
Tirẹ̀ gbàgbé láti dí.
Láti ọjọ́ yìí ló ti ń gbé ẹ̀jẹ̀ lọ sílé,
láìbi ẹnikẹ́ni léèrè.

A kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé bàbá ẹni.
Ìyá mi sọ ọ́, ó sì fi aṣọ di tèmi sẹ́yìn
lọ́dún tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í kọ̀wé.
Ọ̀tún ni mo fi ń kọ ọ́ dòní; lẹ́tà mi ṣì ń wọ́.
Ọkùnrin yìí, nínú rẹ̀ lọ́hùn-ún,
òsì ló fi júwe ilé, ilé sì gbà á.

"Ṣé wàhálà dé ni?" ohùn rẹ̀ jáde lábẹ́ aṣọ búlúù.
Dókítà ò purọ́ fún un:
"Ọ̀nà tiyín yàtọ̀. Yóò pẹ́ díẹ̀."
Ó rẹ́rìn-ín, àwòrán mì.
"Ọ̀nà kan wà lẹ́yìn oko wa, ìjọba ò yà á sí máàpù.
Òun ni bàbá mi fi ń gbé ọkà lọ nígbà tí afárá wó.
Ẹ ṣáà rọra níbi kọ́nà."

Kọ́nà náà ló kù.
Iṣan òsì gba ẹ̀yìn wọ yàrá òkè,
ẹnu wáyà kọjú sí ògiri,
ó kẹ̀yìn sí ilẹ̀kùn tí à ń wá.
Dókítà tì í, ó fà á, ó yọ irin inú rẹ̀,
ó tẹ̀ ẹ́ láàárín ìka bí ẹni ń ṣe ìwọ̀,
ó dá a padà.
Lẹ́ẹ̀kan. Lẹ́ẹ̀mẹ́rin. Òógùn ń sọ̀ lẹ́yìn mi.
Mo ń ka ìṣẹ́jú ìtànṣán sókè: mọ́kàndínlógún, ogún.
Lẹ́ẹ̀keje, ó jẹ́ kí wáyà fara ti ògiri,
kó ká, kó tún ká, bí ajá tó fẹ́ sùn.
Orí rẹ̀ yí. Ilẹ̀kùn ṣí.
Ó wọlé.

Wọ́n ti gbé e lọ, ó ń béèrè oúnjẹ.
Mo ku èmi àti àwòrán ìkẹyìn,
wáyà ká bí nǹkan tí a ò kọ́ wa níléèwé.
Mo mú bírò láti kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé.
Kò sẹ́ni tó ń wò.
Mo gbé e sí ọwọ́ òsì.
Lẹ́tà àkọ́kọ́ wó lulẹ̀.
Mo kọ èkejì.